Ẹ Fi Ọkọ̀ Náà Sílẹ̀ Níta

Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń bẹ ẹni tó bá pè mí lórí fóònù pé fóò-wíìlì ọkọ̀ òun ti há ni pé kó má tíì gbé e wọ ibi tó gbóná. Ọ̀pọ̀ wọn kì í fẹ́ gbọ́. Ní Minnesota tí mo ti ń ṣiṣẹ́, tí òtútù bá ti dé, gbogbo ohun tó bá ń ṣàárẹ̀ lèèyàn máa ń fẹ́ sáré gbé wọlé. Wọ́n á wọ́ ọkọ̀ náà dé ṣọ́ọ̀bù, á sùn sábẹ́ hítà mọ́jú, mẹkáníìkì á wá tẹ bọ́tìnnì láàárọ̀, iná 4WD á tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á máa fà. Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ò rí àléébù kankan. Oníbàárà á san owó àyẹ̀wò, á gbé ọkọ̀ ẹ̀ lọ. Ìgbà tí òtútù bá tún mú, ó tún há.

Omi tó dì níbi tí kò yẹ kí omi wà ló há a. Nígbà tí ọkọ̀ sùn sínú ooru, yìnyín yẹn yọ́, ó bá ìdọ̀tí yòókù ṣàn lọ sínú gọ́tà ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rí ti lọ. Mẹkáníìkì tó bá dé lẹ́yìn náà, bó ti wù kó gbọ́n tó, ìméfò ló kù tó ń ṣe.

Mi ò dá àwọn tó ń gbé e wọlé lẹ́bi tán. Iṣẹ́ ìta nínú òtútù kì í ṣe ohun tí ara ń fẹ́. Ní ìparí oṣù Kíní ọdún 2019, nígbà tí òtútù ńlá kan bo àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, Minneapolis lọ sílẹ̀ dé 28 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit, tí í ṣe nǹkan bí 33 nísàlẹ̀ òdo lórí ti Celsius. Tí ọwọ́ tó lómi bá kan súpánà nínú irú òtútù yẹn, awọ á lẹ̀ mọ́ irin. Síbẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ níta pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì àti etí tó ń gbọ́ràn máa ń là mí lóye ju odindi ọjọ́ kan nínú ilé gbígbóná lọ. Tí mo bá ti mọ ohun tó ṣe é, ẹ wá gbé e wọlé, ká jọ máa yáná tún un ṣe.

Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ yìnyín kọjá èyí tó wà nínú fìríìjì. Land Rover àtijọ́, èyí tó ní ọ̀pá olórí pupa àti ọ̀pá olórí yẹ́lò, la fi kọ́ fóò-wíìlì: tẹ yẹ́lò mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú á wọlé, fa pupa sẹ́yìn, jíà ìsàlẹ̀ tó lágbára á wọlé. Ẹrẹ̀ ọ̀nà oko kòkó ló ń mú wa lò ó. Ohun tó wà lábẹ́ Land Rover yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tó wà lábẹ́ pickup tí wọ́n ń wà níbí. Kódà, ní ìlú Clintonville ní Wisconsin, ìpínlẹ̀ tó bá tiwa pààlà, ni Otto Zachow àti William Besserdich ti ṣe ọkọ̀ tó ń fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà ní nǹkan bí ọdún 1908, tí ilé iṣẹ́ FWD fi ti ibẹ̀ jáde. Àwọn náà mọ ohun tí òtútù ń jẹ́.

Ẹ̀yìn gíábọ́ọ̀sì ni àpótí jíà kejì wà, èyí tí à ń pè ní transfer case. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń gba agbára láti inú ẹ̀ nígbà gbogbo. Tí ẹ bá fẹ́ kí tiwájú náà máa fà, fọ́ọ̀kì kan nínú àpótí yẹn á ti òrùka eléyín kan, eyín òrùka náà á wọ inú eyín jíà, ṣéènì á sì gbé agbára lọ bá ṣáàfùtì iwájú. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ibì kan tún wà níwájú, bóyá nínú áàsìlì, bóyá nínú họ́ọ̀bù táyà, tó gbọ́dọ̀ so kí agbára tó dé ilẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń pàṣẹ wà, ìyẹn bọ́tìnnì tàbí ọ̀pá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ọwọ́ tó ń jíṣẹ́ wà, ó lè jẹ́ mọ́tọ̀ iná kékeré, ó lè jẹ́ fákúùmù, ó lè jẹ́ ọ̀pá irin lásán. Eyín tó ń so sì wà. Òtútù lè mú èyíkéyìí nínú wọn. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni kó mọ èyí tó mú kó tó tú nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó ṣáájú gbogbo ìyẹn, kò sì gba súpánà. Obìnrin nọ́ọ̀sì kan láti Brooklyn Park, tó ra pickup àlòkù nítorí iṣẹ́ alẹ́, pè mí ní kùtùkùtù ọjọ́ kan.

“Bọ̀dá, ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, fóò-wíìlì ọkọ̀ mi ti há. Òtútù ti dì í pa.”

“Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ṣé ó kọ̀ láti wọlé ni, àbí ó wọlé tán, kò jáde mọ́?”

“Ó wọlé o. Òun ni mo fi jáde ní àdúgbò wa. Ìgbà tí mo dé títì ńlá ni mo ní kó padà sí méjì, ló bá kọ̀.”

“Títì ńlá yẹn, ṣé ìrì dídì wà lórí ẹ̀?”

“Rárá, sà. Wọ́n ti da iyọ̀ sí i, ó ti gbẹ.”

Mo ní kó wá ibi tó gbọọrọ tí ọkọ̀ kò pọ̀ sí, kó fi bọ́tìnnì sórí méjì, kó wá padà sẹ́yìn díẹ̀ láì yí ọwọ́. A ò tíì parí ọ̀rọ̀ tí iná fi kú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Òtútù ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nígbàkigbà tí ọkọ̀ bá yà, ọ̀nà tí táyà iwájú ń tọ̀ gùn ju ti ẹ̀yìn lọ. Nínú irú fóò-wíìlì tí à ń sọ yìí, kò sí differential, ìyẹn jíà tó ń jẹ́ kí ọ̀kan yí ju ìkejì lọ, láàárín iwájú àti ẹ̀yìn, ṣáàfùtì méjèèjì gbọ́dọ̀ máa yí bákan náà. Lórí yìnyín tàbí ẹrẹ̀, táyà á yọ̀ díẹ̀, wàhálà á tán. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, kò síbi tí yóò yọ̀ sí, ni ṣáàfùtì iwájú àti tẹ̀yìn bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ara wọn bí ìgbà tí èèyàn méjì bá di etí aṣọ tútù mú tí wọ́n ń fún un. Gbogbo ìlọ́ yẹn á wá fún eyín òrùka mọ́ eyín jíà, fọ́ọ̀kì ò sì ní lágbára tó láti fà wọ́n ya. Ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀, ìlọ́ á tú, eyín á já. Ìgbà òtútù ló máa ń ṣẹlẹ̀ jù nítorí pé ìgbà náà lèèyàn ń lò ó, òtútù sì ni wọ́n máa ń di ẹ̀bi rù. Tí táyà tuntun méjì bá wà níwájú, tí méjì tó ti jẹ wà lẹ́yìn, ọkọ̀ yẹn á máa lọ́ ara ẹ̀ kódà lójú ọ̀nà tó gbọọrọ. Ẹ sì rántí pé bí ojú ọjọ́ bá ti ń fi ìwọ̀n 10 Fahrenheit lọ sílẹ̀ ni afẹ́fẹ́ táyà ń fi nǹkan bí páùn kan dín kù, kì í sì í dín kù dọ́gba nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ọ̀kan bá ti ń jò.

Tó bá jẹ́ pé ó kọ̀ láti wọlé ni, etí ni mo kọ́kọ́ ń lò. Màá pa rédíò, màá pa fáànù hítà, màá ní kẹ́nì kan tẹ bọ́tìnnì nígbà tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sẹ́bàá ọkọ̀. Ọkọ̀ tó ń lo mọ́tọ̀ iná gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Rílè á dún “kẹ́”, mọ́tọ̀ á wá dún “wùùù” fún ìwọ̀nba àkókò díẹ̀, á sì dákẹ́. Tí mo bá gbọ́ “kẹ́” tí mi ò gbọ́ mọ́tọ̀, iná ni mo máa tọ̀ lẹ́yìn. Tí mọ́tọ̀ bá ń rọ́jú tí kò lè yí dé ibi tó ń lọ, tó wá padà, nǹkan kan ló há fọ́ọ̀kì mọ́lẹ̀ tàbí kí iná má tó mọ́tọ̀. Tí n kò bá gbọ́ ohunkóhun, mo máa yẹ fíúùsì àti bọ́tìnnì fúnra ẹ̀ wò kí n tó dọ̀bálẹ̀ sínú ìrì dídì.

Iná tí kò tó yìí ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Tí òtútù bá dé 0 lórí Fahrenheit, ìyẹn 18 nísàlẹ̀ òdo lórí Celsius, agbára bátìrì léèdì á ti dín kù tó ìdajì. Ó lè ṣì tó láti ta ẹ́ńjìnnì, ẹni tó ni ín á sì rò pé kò sóhun tó ṣe é. Mo máa ń fi mítà sẹ́nu wáyà mọ́tọ̀ nígbà tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì, kì í ṣe ṣáájú, kì í ṣe lẹ́yìn. Tí mítà bá kà 12 lórí bátìrì tó sì kà 8 lẹ́nu mọ́tọ̀, iná kan ń sọnù lójú ọ̀nà, ibi tó sì máa ń sọnù sí jù ni wáyà ilẹ̀ tí iyọ̀ títì ti jẹ ní ìdí férémù. Inú òtútù náà ni ìwọ̀n yẹn ti ń sọ òótọ́, nítorí pé inú ooru ọ́ìlì á ti rọ̀, mọ́tọ̀ ò ní nílò agbára tó bẹ́ẹ̀, iná kékeré yẹn á sì tó o.

Fákúùmù ló wá gba ọpọlọ jù, òun náà sì ni mo fẹ́ràn jù. Afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà sínú ni wọ́n fi ń fa awọ rọ́bà kan nínú agolo kékeré, awọ náà á sì fa ọ̀pá tàbí kébù. Kò wọ́n, kò ṣòro, ṣùgbọ́n ibikíbi tí họ́ọ̀sì rọ́bà bá gbà kọjá lábẹ́ ọkọ̀ ni omi lè gbà wọlé.

Ẹ wo Chevrolet S-10 Blazer àti GMC Jimmy tí wọ́n tà káàkiri níbí ní àwọn ọdún 1990. Agolo fákúùmù tó ń so áàsìlì iwájú wọn wà lábẹ́ pẹpẹ bátìrì gan-an. Mi ò mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó fi í síbẹ̀. Ásíìdì bátìrì á máa kán sí i lórí díẹ̀díẹ̀, á jẹ awọ rọ́bà inú ẹ̀, á sì dé ara kébù tó ti ibẹ̀ lọ sí áàsìlì. Omi á gba ẹnu ibi tí ásíìdì jẹ wọlé, òtútù á dé, kébù á dì mọ́ inú àpò ara ẹ̀. Ọkọ̀ kan náà tún ní sùwíìṣì fákúùmù lórí transfer case. Tí sùwíìṣì yẹn bá ti gbó, ọ́ìlì transfer case ni fákúùmù á máa fà gba inú ẹ̀, á sì máa rìn nínú họ́ọ̀sì lọ títí dé iwájú awakọ̀. Mẹkáníìkì tó bá mọ ọkọ̀ yìí kì í bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò lábẹ́ ọkọ̀ rárá. Á jókòó sáyè awakọ̀, á tan hítà, á yí i sójú, á yí i sí ẹsẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ bá kọ̀ láti kúrò lójú gíláàsì iwájú níbikíbi tó bá yí i sí, fákúùmù ti ń jò níbì kan, nítorí pé òun kan náà ló ń ṣí ilẹ̀kùn hítà. Ẹni tó ni ọkọ̀ á ti fara da ẹsẹ̀ tútù láti ìgbà òtútù tó kọjá láì mọ̀ pé fóò-wíìlì ló ń ké sí òun.

Ford F-150 láti 2004 yí ọ̀rọ̀ náà padà. Nínú tiwọn, fákúùmù ni kì í jẹ́ kí họ́ọ̀bù iwájú so. Tí fákúùmù bá ti lọ, sípíríǹgì á tì í wọlé. Ìyẹn ni pé tí họ́ọ̀sì bá jò tàbí tí yìnyín dí i, họ́ọ̀bù á so ní ìdajì láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é, eyín á sì máa ha eyín. Ariwo náà máa ń jáde nígbà tí awakọ̀ bá tẹ táńtà láti gun òkè, nítorí pé ìgbà yẹn ni fákúùmù ẹ́ńjìnnì máa ń lọ sílẹ̀. “Bẹ́ríìnì ni,” wọ́n á sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ra bẹ́ríìnì tuntun, wọ́n á sì máa gbọ́ ariwo náà lọ. Mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi bọ́tìnnì sórí mẹ́rin lójú ìrì dídì. Tí ariwo bá dákẹ́, kí wọ́n fi owó bẹ́ríìnì sápò.

Níta, nínú òtútù, màá yọ họ́ọ̀sì kúrò ní ìdí táyà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, màá fi ìka dí ẹnu ẹ̀. Ó yẹ kó fa ìka. Tí kò bá fà, màá lọ yọ ọ́ níbi tó sún mọ́ ẹ́ńjìnnì, màá tún fi ìka sí i. Tó bá ń fà níbẹ̀ tí kò fà nísàlẹ̀, ohun tó dí i wà láàárín. Màá wá máa fi ìka méjì tẹ họ́ọ̀sì náà jẹ́jẹ́, láti òkè bọ̀ nílẹ̀, nítorí pé rọ́bà tó ti tutù lè ya. Ibi tó rọ̀ sísàlẹ̀ jù, níbi tí omi á ti jókòó, ni yóò ti le bí mo bá tẹ̀ ẹ́, yìnyín á sì dún ṣákáṣáká lábẹ́ ìka. Inú mi máa ń dùn tí mo bá gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n yíyọ yìnyín yẹn ò tíì tó. Omi yẹn gba ibì kan wọlé, ẹnu ìmí sólénọ́ìdì, ìyẹn fáàfù oníná tó ń darí fákúùmù, tó wà lára ògiri ẹ́ńjìnnì ló sì sábà máa ń jẹ́, níbi tí omi ojú gíláàsì ti ń ṣàn kọjá. Ẹni tó bá fi ooru gbẹ họ́ọ̀sì tí kò pààrọ̀ sólénọ́ìdì, ó fẹ́ kí oníbàárà padà wá ni.

Pọ́ǹpù fákúùmù ọlọ́wọ́ ni mo fi ń parí ẹ̀. Màá fà á dé nǹkan bí 20 lórí òṣùwọ̀n íǹṣì mẹ́kúrì, màá wá dúró wo ọwọ́ aago ẹ̀. Tí ó bá ń yọ́ sílẹ̀, awọ rọ́bà ti jò. Mo sì ti rí agolo tó jò níta tó sì dúró gbọnin-gbọnin nínú ilé, nítorí pé rọ́bà tó gbóná á rọ̀, á sì dí ojú ara ẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó yẹ̀ ẹ́ wò nínú ooru ti kọ̀wé pé ó dára. Òótọ́ ni wọ́n sọ, nínú ooru.

Ọkọ̀ kan wà tí mo máa ń sọ fún àwọn tó ni ín pé kò sí àìsàn tó ń ṣe é. Pickup Chevrolet tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fún ọdún 1988 ní actuator kan níwájú, ìyẹn ọwọ́ tó ń jíṣẹ́, tó jẹ́ ooru ló ń mú un ṣiṣẹ́: iná á gbóná nínú ẹ̀, ohun tó wà nínú ẹ̀ á wú, á sì ti ọ̀pá jáde. Ní ọjọ́ tí òtútù bá mú gan-an, kí ó tó gbóná, awakọ̀ á ti rì sínú ìrì dídì tán. Ẹni tó bá mọ ọkọ̀ ẹ̀ á tẹ bọ́tìnnì kó tó jáde nílé. Ẹni tí kò bá ní sùúrù lè pààrọ̀ ẹ̀ sí èyí tó ń lo mọ́tọ̀ iná. Mo gbà á nímọ̀ràn.

Ọ́ìlì. Tí gbogbo àṣẹ bá dé, tí ọwọ́ sì ń ti, tí eyín ò wọlé, ẹ wo ohun tí eyín ń wẹ̀ nínú ẹ̀. Nọ́ńbà tó wà lára ike ọ́ìlì jíà ní ìtumọ̀. 80W ni wọ́n wọ̀n dé 26 nísàlẹ̀ òdo lórí Celsius kí ó tó kọjá ìwọ̀n tó nípọn jù. 75W ni wọ́n wọ̀n dé 40. Ní ọjọ́ tí Minneapolis bọ́ sí 33 nísàlẹ̀ òdo, 80W-90 tó wà nínú áàsìlì ti kọjá ààlà ẹ̀, 75W-90 ò tíì kọjá. Ẹni tó ra ọkọ̀ ẹ̀ ní Texas, tó sì gbé e wá síbí láì pààrọ̀ ọ́ìlì, màá rí i lóṣù Kíní. Ọ̀pọ̀ transfer case tó ní ṣéènì, bí èyí tó wà nínú Jeep Cherokee, ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì ọtọmátíìkì ni wọ́n ń lò, ó sì fúyẹ́ gan-an. Àwọn kan á da ọ́ìlì jíà sí i pé ó nípọn, pé yóò dáàbò bò ó. Rárá o. Ohun tí ìwé ọkọ̀ bá sọ ni kẹ́ ẹ dà sí i.

Omi tó wà nínú ọ́ìlì burú ju ọ́ìlì tó nípọn lọ. Áàsìlì ní ihò ìmí kan lórí, pẹ̀lú họ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́, kí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ lè jáde tó bá gbóná. Ìpínlẹ̀ yìí kún fún adágún, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń fi pickup ti ọkọ̀ ojú omi wọ inú omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Áàsìlì tó gbóná láti ojú ọ̀nà á wọ omi tútù, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ á súnkì, á sì fa ohunkóhun tó bá wà lẹ́nu ihò ìmí sínú. Tí họ́ọ̀sì ihò ìmí bá ti já tàbí tó ti dí, omi á gba ojú síìlì wọlé. Oṣù Kẹjọ ni omi wọlé, oṣù Kejìlá ni yóò tó fi ara hàn. Mo máa ń tú bóòtù ìsàlẹ̀ níta kí ọkọ̀ tó gbóná. Bí ọ́ìlì ti wù kó nípọn tó, ó yẹ kó máa kán. Tí nǹkan kan ò bá jáde rárá, màá ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ bọnu ihò náà. Tó bá kan ohun líle tó ń fọ́ wẹ́wẹ́, yìnyín ni, nítorí pé omi wúwo ju ọ́ìlì lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń jókòó sí. Tó bá jẹ́ inú ilé gbígbóná ni, ohun funfun bíi mílíìkì á tú jáde, ìyẹn náà sì ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kò ní sọ fún mi bóyá yìnyín yẹn ló há òrùka eléyín.

Ti àwọn ọkọ̀ tó ń lo ọ̀pá irin, bíi Jeep Wrangler àtijọ́, ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Yọ ọ̀pá kúrò lẹ́nu transfer case, fi ọwọ́ ti apá transfer case fúnra ẹ̀. Tó bá lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ìta ni wàhálà wà: ibùdó tí ọ̀pá ti ń yí, tí iyọ̀ jẹ, tí gíríìsì inú ẹ̀ ti le. Ẹ fọ gíríìsì àtijọ́ kúrò, ẹ fi èyí tí wọ́n ṣe fún òtútù rọ́pò ẹ̀. Bákan náà ni họ́ọ̀bù tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí, irú èyí tí Warn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1948 fún àwọn Jeep tó kù lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ẹ má fi páláyà fún orí ẹ̀ pé kó yí tipátipá, ike ni ọ̀pọ̀ wọn báyìí.

Ẹ má da omi gbígbóná sí i. Mo mọ̀ pé ó máa ń ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, omi tí ẹ fi lé yìnyín lọ á di yìnyín tuntun, á sì wọ ibi tí ti àkọ́kọ́ ò dé. Iná gáàsì lábẹ́ ọkọ̀, níbi tí páìpù epo àti họ́ọ̀sì búrẹ́ẹ̀kì wà, mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun ti tó.

Ohun tó ń dín oníbàárà mi kù jù ni kí wọ́n máa lo fóò-wíìlì nígbà tí wọn ò nílò ẹ̀. Toyota kọ ọ́ sínú ìwé ọkọ̀ wọn pé kí èèyàn fi fóò-wíìlì rin ó kéré tán kìlómítà 16 lóṣooṣù, kí ọ́ìlì lè dé gbogbo ara ẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Mọ́tọ̀ actuator tó sùn láti oṣù Kẹrin dé oṣù Kọkànlá á ti di ìpẹtà, ọjọ́ tí ìrì dídì àkọ́kọ́ bá já ni yóò sì kọ̀ láti jí. Ojú ọ̀nà òkúta wẹ́wẹ́ ni kẹ́ ẹ wá fún un, kì í ṣe ọ̀dà gbígbẹ. Mo ti sọ ìdí ẹ̀.

Àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ń rìn. Nígbà tí iyọ̀ bá ti jẹ abẹ́ wọn tó, tí ẹni tó ni ín ò sì fẹ́ náwó mọ́, ọ̀pọ̀ wọn ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Cotonou àti Èkó, wọ́n á di tòkunbọ̀. Yìnyín inú họ́ọ̀sì á yọ́ kí wọ́n tó kọjá òkun, ṣùgbọ́n ìpẹtà kì í yọ́, omi inú áàsìlì náà ò sì lọ síbì kan. Àwọn mẹkáníìkì ilé kì í fi àkókò ṣòfò lórí ẹ̀: wọ́n á tú ṣáàfùtì iwájú sílẹ̀, ọkọ̀ á máa fi ẹ̀yìn fà, ó parí. Fún ẹni tó ń gbé Ìkẹjà, mi ò rí ohun tó burú nínú ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fi wọ oko nígbà òjò ló gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó sanwó. Kó fi fóò-wíìlì sí mẹ́rin, kó rìn díẹ̀ lórí ilẹ̀ tó rọ̀, kó wá pa ẹ́ńjìnnì, kó fa búrẹ́ẹ̀kì ọwọ́, kó fi jáàkì gbé táyà iwájú kan ṣoṣo sókè. Tí táyà yẹn bá kọ̀ láti yí nígbà tó bá fi ọwọ́ yí i, fóò-wíìlì wọlé. Kó wá gbé e padà sí méjì, kó tún wò ó. Ó yẹ kó yí báyìí. Kó tú bóòtù áàsìlì, kó wo àwọ̀ ọ́ìlì. Ṣùgbọ́n kó tó ṣe gbogbo ìyẹn, kó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀ bóyá ṣáàfùtì iwájú ṣì wà níbẹ̀, nítorí pé mo ti rí èyí tí wọ́n ti yọ tà, tí iná 4WD sì ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù.